Ìparí Tí Mo Fi Abẹ Yọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, nítorí mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Ṣómólú níbí tí kò ní sọ fún mi pé mo ṣe dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn mí. Bí mo bá ń kọjá ní Ladi-Lak, àwọn ọ̀dọ́ tí mi ò mọ̀ rí á kí mi, wọ́n á ní, "Mọ́mì Ìparí, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì máa sọ fún ara wọn pé ìyá tó tún ìparí kọ́míìkì ṣe fún ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn nìyẹn. Wọ́n rò pé orúkọ ìyìn ni wọ́n fún mi. Wọn ò mọ̀ pé bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá tún máa rí ojú Fèyí ọmọ mi bó ṣe wò mí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ó ti tó ọdún kan tí ọmọ mi ti kú. Kì í ṣe ikú rẹ̀ nìkan ló ń lé mi kiri. Ó ní ohun tó fẹ́ bá mi sọ, mi ò sì jẹ́ kó sọ ọ́.

Fèyíṣayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, òun nìkan ni mo bí. Ọmọ ogún ọdún ni. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní pírámárì, nítorí náà èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń gbé inú yàrá wa ní Bariga, a jọ ń jẹ, a jọ ń sùn, bí egungun bá sì ń ro ó, èmi ni mo ń fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lára. Ẹ má bínú, èmi kì í ṣe ẹni tó ń gbà fún àìsàn. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n mọ̀ mí. Bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ bíi pé kí n múra ọkàn mi sílẹ̀, màá ní kó lọ wá ẹlòmíì tó máa sọ ìyẹn fún. Bí Fèyí fúnra rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pé, "Màámi, tí mi ò bá sí mọ́ ńkọ́," kò ní tíì sọ ọ́ tán tí màá fi ní, "Pa ẹnu ẹ dé. Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ta ló rán ẹ ní irú ọ̀rọ̀ burúkú yẹn?" Á sì dákẹ́. Mo rò pé ìgbàgbọ́ ni mò ń lò.

Iṣẹ́ ìwé dídì ni mò ń ṣe, láàárín àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú. Bí wọ́n bá ti tẹ bébà tán, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Èmi ni màá ká a, màá tò ó, màá rán an, màá lẹ èèpo mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé a kì í torí ojú ewé kan da odindi ìwé nù. Bóyá wọ́n ṣi orúkọ olóògbé tẹ̀ nínú ìwé ìsìnkú ni o, bóyá fọ́tò ìyàwó ẹlòmíì ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ ìyàwó ni o, a ó fi abẹ yọ ewé yẹn láti ìdí, a ó tẹ òmíràn, a ó fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́ sí àyè rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹ bá dáa, oníbàárà ò ní mọ̀ láéláé. Ọwọ́ tèmi dáa. Láti Palmgrove ni wọ́n ti ń wá mi wá nítorí rẹ̀. Fèyí pàápàá mọ̀ ọ́n ṣe, láti kékeré ló ti ń bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé bó bá ti ilé ìwé dé. Mo ti ṣe é pẹ́ débi pé mo gbà pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí a ò lè yọ, ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Láti ìgbà tí Fèyí ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni òun àti Rùkáyà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ka kọ́míìkì Kòríà kan, ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, lórí fóònù. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni apá tuntun ń jáde, wọ́n á sì jọ máa jà lórí rẹ̀ bíi pé ẹbí wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà, òun sì rí idà kan tó ní agbára. Àwọn ẹranko abàmì ń jáde wá láti inú òkun, wọ́n fẹ́ pa ìlú run, òun nìkan ló sì lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá fi idà yẹn jà, egungun ara rẹ̀ ló ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí ìdí tí ọmọ mi fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí ìrora bá mú un tó sì lọ, á ní, "Màámi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ogun dé ni," àwa méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Ojú mi ò gbé kíka nǹkan lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìtàn náà parí, ìparí rẹ̀ sì dá wàhálà sílẹ̀. Wálé, ọmọkùnrin tó ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Ó ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ń kà á ti ṣòfò. Ó ní àwọn kan ń bú ẹni tó kọ ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì ń sọ pé àwọn ò rí ìparí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò bi í ní ohun tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Fèyí wà ní ọsibítù nígbà náà, ó sì ti ń pẹ́ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo gbé ògì lọ fún un, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi tẹ apá tó kẹ́yìn yẹn sórí bébà. Ẹ jẹ́ kó tóbi, kí ojú yín lè rí i. Mo fẹ́ ká jọ kà á." Mo ní ṣé fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ ni. Ó ní rárá, "Tí ẹ bá kà á tán, a ó sọ̀rọ̀." Mo ní kò burú. Mo rò pé kò tíì kà á ni, pé ara rẹ̀ ni kò gbé e.

Rùkáyà fi gbogbo àwòrán náà ránṣẹ́ sí Wálé, Wálé tò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi, mo jókòó láti ká a. Èèyàn kì í sábà wo ohun tó ń ká, ṣùgbọ́n mo wo èyí. Mo rí ọmọbìnrin náà lójú ogun, gbogbo ara rẹ̀ ti fọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé kó gbé idà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò gbé e. Ó rọra fi í lélẹ̀, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó jẹun, ó wá sọ fún un pé ó ti rẹ òun. Ìyá náà sunkún títí, lẹ́yìn náà ó ní, "Mo gbọ́." Ó sìn ín dé etí òkun. Ọkọ̀ kékeré kan gbé ọmọ náà lọ, àwọn ẹranko yẹn sì tẹ̀ lé e padà sínú omi. Ní ewé tó kẹ́yìn, ìyá nìkan ló dúró sí etí òkun.

Inú bí mi sí ẹni tó kọ ọ́, inú bí mi sí Rùkáyà tó fi ránṣẹ́. Irú ìyá wo ló ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sétí òkun? Ṣé èyí ni kí n gbé lọ bá ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe, mo mú abẹ. Mo yọ gbogbo ewé yẹn kúrò láti ibi tó ti gbé idà sílẹ̀, mo sì ní kí Wálé ya òmíràn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi iṣẹ́ oníbàárà sílẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà gbé idà, kó pa ọba àwọn ẹranko yẹn, kí egungun rẹ̀ san pátápátá, kó padà sílé, kó lọ́kọ, kó bímọ. Wálé bi mí bóyá kó wọ aṣọ ìyàwó funfun, mo ní kó wọ̀ ọ́. Mo lẹ àwọn ewé tuntun náà sí àyè wọn. Mi ò tíì lẹ ewé tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ. A jọ kà á, orí rẹ̀ wà léjìká mi. Nígbà tó dé ibi tí idà ti gòkè, ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ ìdí ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí gọ́ọ̀mù wà. Mo rí i tó ṣe é, mo sì ń gbàdúrà pé kó má fura. Ó ṣí ewé yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ibi ìgbéyàwó, ó wá gbé ojú sókè wò mí. Ó wò mí pẹ́.

"Ó lọ́kọ, Màámi?"

"Ó lọ́kọ, ó sì bímọ," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ mà ṣiṣẹ́ o." Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ rán an létí, mo ní, "O ní a ó sọ̀rọ̀ tí a bá kà á tán." Ó ti ìwé náà dé, ó ní, "Kò sí nǹkan mọ́, Màámi." Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Títí ọlọ́jọ́ fi dé kò tún dárúkọ ìtàn yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé bí òun ò bá sí mọ́. Mo ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Rùkáyà wá sílé. Mo fi ìwé yẹn hàn án, mo ń retí kó yìn mí. Ṣe ló bú sẹ́kún. Ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ tó jáde gan-an ni Fèyí ti kà á. Gbogbo ìgbà ló ń padà sí ibi tí ọmọbìnrin inú ìtàn yẹn ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè fi ẹnu òun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dọ̀ yín, pé ẹ ó ní kí òun dákẹ́. Ó ní tí ẹ bá rí ìyá yẹn bó ṣe gbọ́ tọmọ rẹ̀, ẹ̀yin náà á gbọ́." Mo ń rántí àtàǹpàkò yẹn. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní iṣẹ́, ṣé ewé tí wọ́n lẹ̀ ni kò ní mọ̀?

Wàyí o, Wálé ti gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, ó ti kárí Bariga. Gbogbo àwọn tí ìparí tòótọ́ yẹn bí nínú ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n dì í fún àwọn, pé tèmi ló dáa. Inú wọn dùn, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọn ò ṣẹ̀ mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin òǹkàwé. Ṣé kí n máa dì í fún wọn, kí n máa dákẹ́? Àbí kí n sọ fún wọn pé ọmọ tí wọ́n ní mo ṣe é fún, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ẹni tó ń ṣàìsàn nílé, bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ gbọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jókòó, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Èmi ò mọ ohun tí Fèyí fẹ́ sọ. Bóyá ibi tó fẹ́ kí n sin òun sí ni. Bóyá ó fẹ́ sọ fún mi pé kí n má dá nìkan gbé. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé bóyá ẹ̀rù ló kàn ń bà á, tó ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún, tó sì jẹ́ pé èmi nìkan ló ní.