Orúnkún Tó Di Téèpù

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i ní ìsọ̀ onípákó ní Ajégúnlẹ̀. Èmi kì í sọ àgbọ́sọ. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ káfíńtà tó kan àtẹ̀gùn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wọn mú.

"Ọmọ mi, o ṣé! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jẹ́rìí nísàlẹ̀. Lánàá, mo gun pẹpẹ fúnra mi."

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹsẹ̀ tèmi ni mo fi wọn àtẹ̀gùn ti àkọ́kọ́."

"Ẹsẹ̀ rẹ tó gùn bí òpó iná! Àmọ́ o tú u, o ní kí n gbẹ́sẹ̀ sókè, ibi tí agbára mi mọ lo fàlà sí. Orúnkún mi ló di téèpù ìwọ̀n rẹ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo bi káfíńtà ohun tó ṣòfò nígbà tó tú ti àkọ́kọ́. Ó ní pákó mẹ́ta àti ìṣó mọ́kànlá péré ni.