Àga Tó Ń Dúró De Olùdókòwò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí wọ́n rán mi ni, mi ò rán ara mi. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí, èmi Ṣadé tó ń sin ẹja. Ẹ sì mọ alàgbà tó jókòó síwájú yìí, tó máa ń fi owó ran àwọn tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, tí òun náà á sì ní ìpín níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, ojú yín náà ṣáà ríran.

Nígbà tí mo ronú kan áàpù tí àwọn tó ń sin ẹja lè fi rí oníbàárà lórí fóònù kí ẹja tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ni mo gbé e tọ̀ lọ. Wọ́n ní èrò nìkan kọ́ lowó àwọn ń tẹ̀ lé, ìwà ẹni tó ni èrò ni: ẹni tí ìṣòro náà ti jẹ níyà rí, tó ń gba ìmọ̀ràn, tí kò ní purọ́ nígbà tí ọjà ò bá lọ. Wọ́n ní mo ní gbogbo rẹ̀. Mo wá tú àṣírí iṣẹ́ náà síwájú wọn láìtọwọ́ bọ ìwé kankan. Ta ló ń bá alàgbà tọwọ́ bọ̀wé nínú ìjọ yìí? Kò pẹ́ tí áàpù mi fi jáde lórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹja tútù rí. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní Olúwa ló gbé e lé e lọ́wọ́.

Mo gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, àdúrà ẹ̀san ni mo ń gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ní àmín báyìí, oorun gbé mi lọ lórí ẹní, ọkùnrin aláṣọ funfun kan sì fà mí lọ́wọ́ dìde, ó ní kí n máa bọ̀.

Ibi ìsinmi ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Mo rí ìyá kan tó fi owó sí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ láyé, tí iṣẹ́ náà wó, tí kò sì torí ẹ̀ bú u. Ó jókòó lábẹ́ igi, ara rẹ̀ ń dán, ọmọ náà ń bu omi fún un. Ó wù mí kí n dúró níbẹ̀, àmọ́ amọ̀nà mi ò gbà.

A wá dé ìsàlẹ̀. Ooru gbá mi lójú, igbe gba etí mi, mo rí àwọn ọ̀gá tó ń fowó sí iṣẹ́ ẹlòmíràn láyé, tí wọ́n dúró nínú iná dé ọrùn, tí wọ́n ń ṣàlàyé ara wọn, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, tí àwọn áńgẹ́lì tó jókòó síwájú wọn kàn ń mirí, tí wọ́n ń ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi amọ̀nà mi pé kí ni àwọn áńgẹ́lì náà ń wá lọ́wọ́ wọn.

“Ìwà tí wọ́n ń wá lára àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó fún wọn lówó ni,” ó dá mi lóhùn. “À ń wá a lára àwọn náà, a ò tíì rí i.”

Ẹ̀yin ará, mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni mo rí àga irin kan tí iná ti mú kó pupa yòò, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé. Mo ti mọ ẹni tó ni ín kí wọ́n tó sọ fún mi. Amọ̀nà mi ní tí alàgbà náà bá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, tó sì dá iṣẹ́ mi padà, wọ́n á gbé àga náà kúrò, kí n lọ sọ fún un. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n dákẹ́, kí àga náà ṣáà máa gbóná lọ. Ó kọ̀, ó ní:

“Tí o bá dákẹ́, ìwọ àti òun lẹ jọ máa jókòó síbẹ̀.”

Mo ta jí, òógùn bò mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́ ọn lójú, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀, iná náà kì í ṣeré. Ẹ̀yin alàgbà wa, ẹ má wolẹ̀, ẹ wò mí. Mo ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Tó bá jẹ́ ìfẹ́ inú tèmi ni, mi ò bá tí sọ ọ́ fún yín. Mo ṣì ń gbàdúrà kẹ́ ẹ má jẹ́wọ́.