Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Táyà

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2019, ní agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, ọkọ̀ Muhydeen kọ lu ògiri ní ìsọ̀kalẹ̀ Mápó sí Ọjà'ba. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Àtọ́kẹ́, kú nínú rẹ̀. Gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì ló gbà pé ẹsẹ̀ Muhydeen ló ṣi nǹkan tẹ̀ dípò bíréèkì. Irọ́ ni. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò ní pẹ́ dákẹ́, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ibojì. Mujeebat, ọmọ Muhydeen, ìwọ ni mo ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á.

Èmi Basit, mẹkáníìkì ní Beyerúnkà, Àlàájà kọ́ ló bí mi. Ìyá mi kú ní oṣù kẹfà ọdún 1974. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa kí ẹnikẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti jẹun. Àlàájà ló bi mí. Ẹ̀kọ méjì àti ẹ̀fọ́ àná ló gbé fún mi. Láti ọjọ́ náà, orí ẹní kan náà ni èmi àti Muhydeen ń sùn. Nígbà tí mo ń lọ ilé-ìwé alẹ́, ọdún mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tí mo fi okùn rán, Àlàájà ló ń bu epo sí àtùpà mi.

Ní ọdún 2019 yẹn, orúnkún Àlàájà kò gbé e mọ́. Muhydeen, tó ń ṣe tísà, fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò máa fi gbé e lọ ọsibítù. Ó rí tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Àrẹ̀mọ tó ń jẹ́ Gàfárù, ó sì wá bá mi. Ó ní, “Bọ̀dá Basit, bí ẹ bá ní kí n rà á, màá rà á. Bí ẹ bá ní kí n fi sílẹ̀, mo ti fi sílẹ̀ nìyẹn.”

Ọ̀nà kan ni a fi ń dán ọkọ̀ wò ládùúgbò wa. A óò wà á láti Ọjà'ba gun òkè Mápó. Bí kò bá gbóná, tí kò sì kú lójú ọ̀nà, ó yege. Èmi ni wọ́n máa ń pè láti wà á, mi ò sì tíì ṣì í rí. Bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè ni gbogbo wa ń ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ náà gun Mápó bí ẹni ń rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀ lókè níbẹ̀, mo sọ lójú gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé wa pé, “Kò ní àlébù kankan. Rà á.” Àlàájà, tó jókòó lẹ́yìn, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tí mo fún lẹ́kọ ló wá di adájọ́ ọkọ̀.” Gàfárù ní, “Adájọ́ tí kì í gba ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Màmá.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ń wà á sọ̀kalẹ̀, jíà kínní ni mo fi sí, bí mo ti máa ń ṣe, kí ọkọ̀ má baà sáré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ bíréèkì, ó sì wọlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí a délé, tí Áfáà gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ṣàdúà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan, mo fi ìka kan ẹ̀yìn táyà iwájú. Ó tutù. Mo gbóòórùn ìka mi. Epo bíréèkì ni. Páìpù rẹ̀ ti ń jò.

Muhydeen bi mí létí pé, “Bọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan kan?” Mo wo ojú àwọn tó dúró yí wa ká. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tó: mo ṣì í. Mo ní, “Kò sí. Ṣùgbọ́n gbé e wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.” Mo fẹ́ tún un ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ Àlàájà ní ọsibítù. Mo mọ̀. Fóònù sì wà lápò mi.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Muhydeen ti ròyìn ìjàǹbá náà fún mi. Bíréèkì kò mú. Àwọn ọmọ iléèwé kún ojú ọ̀nà nísàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, “Muhydeen, àwọn ọmọ nìyẹn. Yà fún wọn.” Muhydeen ní, “Ìyá, apá ọ̀dọ̀ yín ni ògiri wà.” Ìyá rẹ̀ ní, “Mo rí i.” Ó wá tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó fẹ́ kírun. Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí, mi ò tíì mọ ibi tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí. Obìnrin tí kò lè dá dìde lórí àga ló rí ikú lọ́ọ̀ọ́kán, tó sì nawọ́ sí i. Èmi, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, ẹ̀rín ènìyàn mẹ́wàá ni mo sá fún.

Mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dá wọ abẹ́ rẹ̀, mo yọ páìpù tó já, mo fi òmíràn sí i, mo bu epo sí i. Lẹ́yìn náà ni mo pe Mọ́gàjí àti àwọn ará ilé. Mo tẹ bíréèkì níwájú wọn, mo ní, “Ẹ wò ó, ó le.” Muhydeen dúró síbẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ọsibítù di apá rẹ̀ tó kán. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, “A jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ni.” Àwọn kan ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-wúwo lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbọ́. Kò wa ọkọ̀ mọ́. Nígbà tó ń kú lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n bá òun bẹ Ọlọ́run kó forí ji ẹsẹ̀ òun. Mo ní, “Àmín.”

Mujeebat, bí o bá lè dárí jì mí, ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀, bí ẹ bá ti sọ pé ó dára, tí ẹ wá rí i pé kò dára, ẹ padà lọ sọ ọ́ lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Àlàájà Àtọ́kẹ́ kú ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Muhydeen kú láìmọ̀ pé òun kọ́ ló pa á.