Bẹntiróò Láìsí Òróró

Rárá o, Bàbá Èlíjà, ẹ má fi àga lọ̀ mí, lórí ìdúró ni n ó ti sọ ọ́, torí bí mo bá jókòó ẹ ó ní kí n fara balẹ̀, bí mo bá sì fara balẹ̀ ẹ ó ní kí n dárí jì í! Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ará Ugbonla lónìí yìí. Kí wọ́n má wọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní jẹ́tì Igbókòdá níbí pé àwọn wá ṣe ìdána. Èmi Moríkẹ́, opó Olówòkéré, mi ò fi Dùnníolúwa ọmọ mi fún Godwin mọ́. Ẹ̀yin lalàgbà ìjọ, ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbàdúrà lé wọn lórí, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ bá mi dá a dúró kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ ní kí ló ṣe? Ó ń pa alùpùpù mi!

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, orí mi pé. Alùpùpù tí mo rà pé kó máa kó ẹja mi láti jẹ́tì lọ sí Òkìtìpupa, tí mo fà lé e lọ́wọ́ nítorí pé ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni, pé kí n má baà wá ọlọ́kadà àjèjì kiri, òun ló ń fi àrékérekè pa díẹ̀díẹ̀ lójú mi. Ó ń rú èéfín. Èéfín wo? Èéfín bíi ti ààrò tí a fi ń yan ẹja! Bó bá kọjá láàárín ọjà, àwọn ènìyàn á máa fi ìborùn bomú. Lánàá ńkọ́? Lánàá ó kú sójú títì, kò gbà kó jí, wọ́n tì í, wọ́n tì í, títí oòrùn fi mú ẹja mi, tó ń rùn, tí àwọn oníbàárà mi ń yínmú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ń rùn. Ṣé irú àna tí Olúwa fẹ́ fún opó nìyẹn?

Láti ọjọ́ tí a ti lọ rà á lara ti ń fu mí. Ẹ gbọ́ o. Mo ní ká ra èyí kékeré, tí kì í mu epo. Ó ní, “Rárá, Màmá, agbọ̀n ẹja á tẹ èyí pa, á máa ké bí ewúrẹ́ tó bá dé orí afárá.” Ẹni tó ń tà á wá fa ńlá kan jáde, dúdú, gíga, ó ń dán bí ẹṣin Fáráò, mo ní kúkú fún wa ní èyí, kí ayé rí i. Ó tún ní rárá! Ó ní bí èyí bá ṣubú sínú iyanrìn, ta ni yóò bá òun gbé e dìde? Ló bá lọ mú èyí tó wà láàárín. Kò kéré, kò tóbi. Bàbá Èlíjà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Ìfihàn fún wa, kí ni Olúwa sọ nípa ohun tó bá wà láàárín, tí kò gbóná, tí kò tutù? Ṣé kò ní òun yóò pọ̀ ọ́ jáde kúrò lẹ́nu òun ni?

Kò tán o. Ó gun orí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ wò ó, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ló balẹ̀ dáadáa, mo lè gbé e dúró.” Ẹsẹ̀ ta? Ẹsẹ̀ tirẹ̀! Èmi ni mo ń sanwó, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló fi ń wọn ọjà. Ẹni tó bá ń gbé aṣọ lé ara tirẹ̀ wò nínú ìsọ̀ ti mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ lọ sílé. Àmọ́ mo sanwó. Mo ní ọmọ Ọlọ́run kì í tètè dájọ́.

Ó wá ku ìtọ́jú. Ìtọ́jú tí kò ní ojú rere nínú! Bó bá ti ọ̀nà Araromi dé báyìí, kó tiẹ̀ tó jẹ púpurú tí mo gbé kalẹ̀, á bu omi òjò, á máa wẹ ọ̀kadà bí ọmọ ìkókó, ó ní atẹ́gùn òkun ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ ń jẹ irin. Á fi àkísà nu ṣéènì, á fi ìka kan án bóyá ó ti dẹ̀, á tẹ táyà wò níwájú, á tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ó máa wò ó. Ta ní ń kẹ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ báyẹn? Lábánì gan-an kò rí irú rẹ̀ lára Jákọ́bù, ẹ sì mọ iye àgùntàn tí Jákọ́bù kó lọ nígbẹ̀yìn!

Ẹ ní kí ló burú nínú ìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n délẹ̀ ná.

Èmi àgbà, ó ní kí n dé akoto lé gèlè mi kí n tó gun ẹ̀yìn òun. Mo ní, “Godwin, mo ti dé àṣíborí ìgbàlà, lọ ka Éfésù orí kẹfà.” Ẹ mọ ohun tó wí? Ó ní, “Màmá, ìyẹn ń ṣọ́ ọkàn yín, èyí ń ṣọ́ agbárí yín, ẹ dé méjèèjì.” Ẹnu rẹ̀ mú bí ìwọ̀! Ó ní Dùnní kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó mọ́ bí ọmọ onígbàgbọ́, ó ní kó la ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kó wọ ṣòkòtò sábẹ́ yẹ̀rì. Ṣòkòtò! Nínú ilé mi! Ohun tí í ṣe ti ọkùnrin lára obìnrin! Dùnní sì wọ̀ ọ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Ìyáà mi, mi ò kúkú wọ̀ ọ́ lọ sílé àdúrà.” Ẹ ò rí i pé ó ti gba ọkàn ọmọ náà?

Bó bá sì gun ọ̀kadà ọ̀hún, á máa rọra rìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fò kọjá bí ẹyẹ lékeléke, wọ́n ń gbé ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin, òun kò ní gbé ju ẹnì kan lọ. Ó ní iyanrìn wà ní kọ́nà. Ó ní búrèkì iwájú àti tẹ̀yìn ni a ń rọra tẹ̀ pọ̀, a kì í ṣàdédé tẹ ti iwájú nìkan lójú òjò. Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́ lọ́nà, kí ló ń rọra rìn fún?

Ẹ̀rí? Ẹ ní ẹ̀rí dà? Ẹ̀rí tí yóò pa á lẹ́nu mọ́ ni mo gbé wá. Ẹ gbé etí yín súnmọ́ mi.

Mo tẹ̀ lé e dé ilé epo. Ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe. Ó ṣí táńkì, wọ́n da bẹntiróò sí i. Mo dúró. Mo ní bóyá yóò mú òróró ẹ́ńjìnnì jáde nísinsìnyí. Ó dé táńkì, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Láìsí òróró! Bẹntiróò lásán! Bàbá Èlíjà, ẹ̀yin tí a bí sórí omi, ta ní ń fún ẹ́ńjìnnì ní bẹntiróò láìpo òróró mọ́ ọn? Ọmọdé tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ mọ̀ ọ́n! Olùfẹ́ mi Olówòkéré, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó tó kọ́ mi ní Sáàmù ló ti kọ́ mi ní ìyẹn, ó ní, “Moríkẹ́, ẹ́ńjìnnì tó bá mu bẹntiróò láìsí òróró, àyà rẹ̀ á gbẹ, á gan, kò ní yí mọ́, á sì fi wá sílẹ̀ láàárín ọ̀sà.” Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni mo fi ń bá a pò ó. Wúńdíá márùn-ún wo ni ilẹ̀kùn tì mọ́ níta? Ṣe bí àwọn tí kò mú òróró dání ni!

Mo bi í o. Mi ò fi pamọ́. Mo ní, “Godwin, òróró ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Màmá, ó ní tirẹ̀ nínú.” Ó ní tirẹ̀ nínú! Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi náà ní tirẹ̀ lẹ́sẹ̀, níbi tí abẹ̀bẹ̀ ti ń yí, ìyẹn ò ní kó má mu ti inú bẹntiróò. Ta ló ń tàn? Ọmọ Ugbonla ni, kò lè ní òun ò mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó ń ṣe é ni. Ó fẹ́ kí ó gan, kí ó sú mi, kí n ní, “Godwin, máa gbé e lọ.”

Àfi ojú tó ń fi wò mí láti ìjelòó. Ó tú púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì jáde, ó dúdú, ó tutù, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá gbójú sókè, ó wò mí. Ó wò mí títí. Ọkàn ènìyàn kún fún ẹ̀tàn, Bàbá Èlíjà! Ojú Júdásì ni mo rí, ojú ẹni tó ti gba ọgbọ̀n owó fàdákà!

Mo sì ti kúnlẹ̀ lé e lórí láàárọ̀ yìí. Mo ní Olúwa, ọwọ́ tó ń ba ẹ́ńjìnnì opó jẹ́, kí ọwọ́ náà wú bí ẹja tó kú sómi, kí ó má lè gbé oúnjẹ dé ẹnu!

Ẹ ní kí ni? Kọ́kọ́rọ́ táńkì? Méjì ni. Ọ̀kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ń bẹ lọ́wọ́ mi. Rárá, kò sí ẹlòmíì. Kí ni mo ń fi tèmi ṣe? Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí! Èmi ni mo ń gba ẹ̀mí ọ̀kadà náà là! Bí kì í bá ṣe èmi, ì bá ti kú tipẹ́. Ní ìdájí, kí Godwin tó dé, n ó ṣí táńkì, n ó wọn òróró gẹ́gẹ́ bí Olówòkéré ti ń wọ̀n ọ́n, n ó dà á sí i, n ó mì í gbọ̀ngbọ̀n, n ó ka Sáàmù lé e. Òróró dáadáa, tí a fi ń po ti ọkọ̀ ojú omi! Ẹ ò wá rí agbára ìkà? Bí mo ti ń dà á tó, bẹ́ẹ̀ ló ń rú èéfín. Mo fi kún un, èéfín náà fi kún un. Lánàá tí ó kú yẹn gan-an, mo ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì...

Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?

Bàbá Èlíjà, ọ̀rọ̀ opó lẹ fi ń rẹ́rìn-ín? Ẹ nu ojú yín. Ẹ nu ojú yín, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ti ọ̀kadà yàtọ̀? Ó yàtọ̀ báwo? Òróró inú ikùn rẹ̀ yẹn ló ń pín yí gbogbo ara ká? Òun nìkan ló nílò? Tiyín náà ńkọ́, èyí tẹ́ ẹ gùn lọ ìsọjí ní Araromi? Bẹntiróò lásán? Láti ọdún wo?

Jésù Olúwa.

Nígbà náà, èéfín yẹn... òróró mi ni. Èmi ni mo ń... Yéè! Èpè! Olúwa, mo fà á padà! Ẹ̀jẹ̀ Jésù, ẹ̀jẹ̀ Jésù, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹ bá mi ṣe àmín kíákíá! Ẹ wo ọwọ́ mi, Bàbá Èlíjà, ṣé kò wú? Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ tún ti ọ̀tún wò. Ẹ yé rẹ́rìn-ín!

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí kú síbí. Kí Godwin má gbọ́ ọ.

Ó ti kí ni?

Ó wá síbí? Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí mo ti bú u láàárín àwọn ẹlẹ́ja? Ó ti mọ̀ pé èmi ni? Púlọ́ọ̀gì tó gbóòórùn rẹ̀ ló sọ fún un? Ó sì bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi pẹ̀lẹ́ là á yé mi, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣàdédé sọ̀rọ̀ kàn án, kí ojú má baà tì mí ṣáájú ìdána? Èmi tí mo pè é ní Júdásì, tí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, tó kàn dọ̀bálẹ̀ ní, “Ẹ má bínú, Màmá”?

Ẹ gbé àga yẹn súnmọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó.

Bí Ṣémù àti Jáfẹ́tì ti ṣe bàbá wọn nìyẹn, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọn ò wo ìhòòhò rẹ̀. Ọmọ yìí fi ẹ̀yìn rìn wá sílé yín nítorí mi. Ọlọ́run ò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ugbonla wọkọ̀. Kí wọ́n tètè wọ̀ ọ́ pàápàá, kí omi tó fà. Kí àdúrà náà sì gùn o.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹ dúró, Bàbá Èlíjà. Ẹni tó lè mọ irú nǹkan báyìí, tó gbé e mì, tó tún dọ̀bálẹ̀ kí mi, tí ojú rẹ̀ ò yí padà? Ikùn wo nìyẹn? Mò ń rẹ́rìn-ín o, àmọ́ mi ò ṣeré. Lọ́jọ́ Sátidé, kí n tó fa ọwọ́ ọmọ mi lé e lọ́wọ́, n ó fà á sí kọ̀rọ̀, n ó di ìka rẹ̀ mú dáadáa, n ó bi í: “Godwin, kí ló tún kù tí o mọ̀ nípa mi?”