Òwú Pupa Tí Mo Tú Lára Okùn Aago Omi

Ẹ jókòó, gbogbo yín, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi. Àbúrò mi, sún mọ́ mi, kí o di ọwọ́ mi mú bí o ti máa ń ṣe. Ìwọ ọmọ Màmá Búlúù, o ṣeun tí o jẹ́ ìpè mi láìmọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Dókítà ti bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lánàá: kíndìnrín mi méjèèjì ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ inú sàréè. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. Ẹ̀rù Ọlọ́run wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́: ẹ̀rù àbúrò mi yìí ló pọ̀ jù.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Yàrá ìránṣọ kékeré kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ àwọn òmùwẹ̀ ní èbúté. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, tèmi àti ti Màmá Búlúù. Àwọn òmùwẹ̀ yẹn ló ń mòòkùn lọ ha ìdí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń tú ìdákọ̀ró tó bá há sí ìsàlẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló ń so aago ńlá kan mọ́ ọwọ́, aago tó ń sọ bí wọ́n ti jìn tó àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ti lò. Bẹ́líìtì tó máa ń bá aago náà wá láti ilé ìtajà kò wúlò fún wọn. Bí omi bá ṣe ń jìn sí i ni aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ṣe ń fún pọ̀. Ọwọ́ tó sanra lókè á tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀, aago á máa yí kiri. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń fọwọ́ wa rán okùn rọ́bà fún wọn, èyí tó ń fà tó sì ń súnkì, tí kò ní fi ọwọ́ sílẹ̀ bó ti wù kó rí.

Màmá Búlúù ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Wọn kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí iṣẹ́. Rọ́bà tuntun tó nípọn nìkan ni wọ́n ń lò, tí wọ́n bá sì rán an tán, wọ́n á so bíríkì mọ́ ọn, wọ́n á gbé e sínú garawa omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ojú ìrán bá yẹ̀ bí irun orí lásán, wọ́n á tú u palẹ̀. Wọ́n máa ń wí pé, "Aṣọ tí èèyàn wọ̀ lọ sóde, bó bá ya, ẹ̀sín ni. Tiwa bó bá já, òkú ni." Okùn tó bá yege ni a máa fi òwú àwọ̀ rán àmì mẹ́ta sí létí, kí a lè mọ ẹni tó rán an, kí a sì mọ̀ pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Òwú búlúù ni tiwọn, ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Tèmi pupa.

Ọkọ àbúrò mi wà lára àwọn òmùwẹ̀ náà. Pẹ́pẹ́yẹ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí bó ti ń rìn tó bá wọ bàtà omi gbọọrọ yẹn. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún. Bó bá ti ń kọjá níwájú yàrá wa, á yọjú: "Àǹtí, ṣé ẹ ti jẹun? Ìyàwó mi ní kí n béèrè, kẹ́ ẹ má baà ní a ò bójú tó yín." Èmi náà á ní kó yáa máa rìn lọ, kí wọ́n má baà fi í se ọbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sáré wọlé tòun taṣọ rọ́bà lọ́rùn. Okùn aago rẹ̀, èyí tí Màmá Búlúù rán fún un lọ́dún tó ṣáájú, ti gbó, ó sì ti já níbi tó ti ń múra. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán òmíràn fún mi kíá. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan há, ọkọ̀ náà sì fẹ́ ṣí lọ́sàn-án. Èmi ni wọ́n ń dúró dè." Rọ́bà tuntun ti tán láti ọjọ́ méjì. Èmi ló yẹ kí n sọ fún ọ̀gá, mo gbàgbé. Màmá Búlúù kò sí níjókòó, wọ́n lọ rí dókítà ojú. Ká ní wọ́n wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá sọ fún un pé kò ní wọ omi lónìí, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣé èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni? Mo lè sọ ọ́. Ojú ló tì mí láti jẹ́wọ́ pé mo gbàgbé.

Mo ṣí àpótí àkísà, mo fa ṣòkòtò àtijọ́ kan yọ, mo sì yọ rọ́bà ìbàdí rẹ̀. Mo fà á, ó fà. Ṣùgbọ́n kò tètè padà. Ọwọ́ mi mọ̀ pé ó ti rẹ rọ́bà yẹn. Mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo rán an. Mi ò rì í sómi, mi ò so bíríkì kankan mọ́ ọn, síbẹ̀ mo fi àmì pupa mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i. Ó na ọwọ́, mo fi wọ̀ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun, ó bá mi mu bí ìbọ̀sẹ̀." Ó sì jáde lọ. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó wọlé, kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó jáde.

Mi ò sí nísàlẹ̀ omi. Ìwọ̀nba ohun tó sọ nílé ìwòsàn àti èyí tí àwọn òmùwẹ̀ yòókù sọ ni mo mọ̀. Omi ibẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò. Níbi tó ti ń fa ìdákọ̀ró ni okùn náà ti já, aago sì rì. Kò mọ bó ti jìn tó mọ́, kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ẹni tó bá ti pẹ́ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sáré gòkè. Ó gbọ́dọ̀ máa dúró lójú ọ̀nà, kí afẹ́fẹ́ tí omi ti tẹ̀ mọ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ó rò pé afẹ́fẹ́ inú àgbá ẹ̀yìn òun ti fẹ́ tán. Ẹ̀rù bà á, ó sáré gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pa á lára. Àwọn èèyàn ń wí níbi ìsìnkú pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Mo ń mi orí bí ẹni tó gbà fún wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn kó tó kú. Àbúrò mi, o rántí pé o lọ sílé lọ gbé aṣọ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, o ní kí n jókòó tì í. Ó la ojú, ó wò mí. "Àǹtí, ó já. Mo nawọ́ mú un, mi ò bá a." Mo ní kó sinmi, kó má sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò bínú sí yín." Ńṣe ni mo bojú wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́: nígbà tí gbogbo yín ń gbàdúrà kó dìde, èmi ń gbàdúrà kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Àdúrà tèmi ló gbà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n bi wá léèrè ẹni tó rán okùn náà. Mo ní èmi kọ́. Màmá Búlúù ní àwọn rántí pé àwọn rán ọ̀kan fún un lọ́dún tó kọjá. Ọ̀kan yẹn, èyí tó já lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́sí, mo ti sọ ọ́ sínú iná. Ṣùgbọ́n aago wà nísàlẹ̀ omi, òwú pupa mi sì wà lára okùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí òmùwẹ̀ kan bá ti yọrí lómi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò láti ojú fèrèsé. Mo ń bẹ omi pé kó gbé e jìnnà.

Omi ò gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé abọ́ ike kan wọlé. "Wọ́n ti rí i o. Fi omi tútù fọ iyọ̀ ara rẹ̀, àwọn àgbà ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá wò ó ní aago méjì." Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo okùn náà, kò rí àmì kankan. Ó jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Bí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni pupa ń yọ, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Mo kọ́kọ́ ní kí n kàn tú u dànù. Ṣùgbọ́n bí okùn bá wà láìní àmì, àwa méjèèjì ni wọ́n á mú. Òwú búlúù wà lórí ẹ̀rọ kejì, Màmá sì tún ti lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Mo tú òwú pupa kúrò, inú ihò tó gbà gan-an ni mo sì gbé búlúù gbà. Mo fi ẹrẹ̀ pa á kó má baà mọ́ jù. Amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń rán an lọ.

Ní aago méjì, ọkùnrin mẹ́ta jókòó ti tábìlì wa. Màmá Búlúù ti dé. Ọ̀gá gbé okùn náà lé Màmá lọ́wọ́. Ojú wọn ti ń ṣú nígbà yẹn, ìka ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa ojú ìrán náà lọ, wọ́n pa á bọ̀, wọ́n wá dúró. Mo rò pé ó parí fún mi.

"Rọ́bà ṣòkòtò ni èyí," Màmá wí. "Mo rán ọ̀kan fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi, kí n fi rọ́bà ṣòkòtò rán okùn òmùwẹ̀?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ìwọ lo mọ ọwọ́ mi. Ṣé ọwọ́ mi nìyí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ibi tó burú jù. Rọ́bà jẹ́ àìbìkítà, òwú jẹ́ ẹ̀rù, ṣùgbọ́n ìyá yìí fi ojú mi ṣe ojú tiwọn. Mo gbé okùn náà súnmọ́ fèrèsé bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, "Ọwọ́ yín ni, Màmá. Ojú ló ń dà yín láàmú." Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní, "A jẹ́ pé èmi ni." Wọ́n yọ téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, wọ́n ká a, wọ́n sì gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá wá sílé àbúrò mi. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú ọmọ tí wọ́n lè bí. "Ọmọ mi, èmi ni mo pa ọkọ rẹ. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ojú mi ni." Àbúrò mi, o rántí ohun tí o sọ. O ní kí wọ́n jáde, o ò fẹ́ rí wọn mọ́ láyé. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bu omi fún ọ mu.

Wọn ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Ọdún kẹta ni wọ́n kú. Ìwọ ọmọ wọn lo gbé àlùmọ́gàjí wọn wá fún mi, o ní wọ́n ní èmi ni kí o fún, pé ọwọ́ mi mọ́. Òun ni mo fi gé gbogbo aṣọ tí mo rán láti ìgbà náà. Títí dòní, wọ́n ṣì ń sọ fún ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ ní èbúté pé, "Má rán an bíi ti Màmá Búlúù." Mo ń gbọ́ ọ, mo ń dákẹ́.

Ẹ ṣí agolo abẹ́rẹ́ mi tó wà lórí fèrèsé yẹn. Bébà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tú u. Òwú pupa mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ nù lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù ò jẹ́. Ìwọ ọmọ Màmá, mú un, mú àlùmọ́gàjí ìyá rẹ, kí o gbé wọn lọ sílé iṣẹ́ náà, kí o sọ fún wọn pé bíi ti Màmá Búlúù gan-an ni kí wọ́n máa rán an. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni mo sá fún.

Àbúrò mi, ìwọ ló kàn. Ọdún méjì rèé tí ò ń wẹ̀ mí, tí ò ń bọ́ mi. Ọkọ rẹ ní òun ò bínú sí mi, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ọ, torí wàá bi mí pé kí ni mo ṣe fún un. Forí jì mí. Ọwọ́ tí o dì mú yìí ló rán okùn náà, òun náà ló tú òwú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, kí n tó di ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n lára.