Ọmọ Tí Ọ́nọ́rébù Ò Bí

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n tètè dúpẹ́ kí ẹkún tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Jésù, ẹ ṣeun. Àbújá níbí ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá mi máa ń já lulẹ̀ nígbà míì, ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ ti ń bi màmá mi pé kí ló dé tí mi ò wá kọrin mọ́. Ọ́fíìsì Ọ́nọ́rébù kan ni mo wà. Mi ò ní dárúkọ o! A wà ní họlidé, mo ní kí n lọ ṣe internship, kí n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣòfin. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Daddy." Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ẹni tó bá ti tó bàbá ẹni, Daddy ni. Inú ẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ wo ọmọ mi!" Háà! Ẹnu ara mi ni mo fi so ara mi mọ́lẹ̀.

Amina tí a jọ bẹ̀rẹ̀, "Sir" lòun ń pè é. Nígbà tó rí i pé wọn ò fún wa ní kọ́bọ̀, ó ní "Kai!", ó gbé báàgì ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò dá a dúró. Èmi ńkọ́? Ọmọ ilé ni mí! Mo béèrè owó ọkọ̀ tí mo máa fi délé wa ní Nyanya, Ọ́nọ́rébù rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọmọ máa ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ ni. Èmi ni mò ń kọ speech ẹ̀, èmi ni mò ń gbé fóònù àwọn ará ìlú ẹ̀ tó ń ṣépè, èmi náà ni mò ń lọ kó àwọn ọmọ ẹ̀ nílé ìwé. Ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó rí ọkọ̀ wọ̀. Mo rù, mo di egungun.

Yunifásítì wọlé, ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ kọ ọ́." Ó ní ìdìbò abẹ́lé ti dé tán, ọmọ gidi kì í fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun. Mo dúró. Ẹ lè bínú sí mi, àmọ́ wọn ò kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń sọ fún Daddy pé rárá. Màmá mi ń gbàdúrà kí n dèèyàn ńlá níbẹ̀. Èmi wà nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, mò ń bẹ Ọlọ́run kí typhoid gbé mi ṣánlẹ̀, tàbí kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbà mí sí.

Bàbá mi ọ̀run gbọ́! Àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wọn wá, mo gbé tíì wọlé. Ọ́nọ́rébù ní ọmọ òun nìyí. Alàgbà kan wá bi mí pé, "Ìyàwó wo ló bí ẹ?" Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò ronú. Mo ní, "Bàbá tèmi ti kú, sà. Iṣẹ́ ni mò ń bá wọn ṣe, wọn ò sanwó fún mi." Àwọn àgbà náà dìde. Bí àwọn àlejò ṣe ń jáde báyìí, Ọ́nọ́rébù ní kí n kó ẹrù mi, pé ọmọ àlè ni mí. Halelúyà!

Mo sáré lọ sí yunifásítì. Ìdánwò ti parí. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ké. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa jáde, èmi ò ní jáde, Ọ́nọ́rébù sì ti ń sọ káàkiri pé aláìmoore ni mí.

Ṣùgbọ́n lánàá, ẹ̀yin ará, mo sùn. Mo sùn débi pé màmá mi wá gbé ọwọ́ síwájú imú mi, láti mọ̀ bóyá mo ṣì ń mí. Nígbà tí mo lajú, wọ́n ń sunkún. Mo ní, "Mọ́mì, mo wà níbí." Ẹ̀rí mi nìyẹn, mi ò ní òmíràn. Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò tíì lè gbé ijó, ẹ gbà á jó fún mi.