Ọ̀rọ̀ tí mo fi lé Mùsílímátù jáde

Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Títí dòní ni mò ń gbọ́ bí Bùsàrí, aládùúgbò mi, ṣe máa ń fi pẹ́ńsùlù gbá bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa ní Benson, n'Íkòròdú, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro fún un. Dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi nílùú òtútù yìí. N kò ní gbé ohun tí mo ṣe yìí wọ sàréè.

Krọ́sìwọ́ọ̀dù inú ìwé ìròyìn la máa ń jọ ṣe tá a bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan ní 2005, wọ́n ní ká wá ìbátan kan tó fara pamọ́ sínú "stagnate". Bùsàrí gé orí ọ̀rọ̀ náà, ó ku "agnate". A yẹ díkíṣọ́nárì wò: ìbátan tó ti ìhà ọkùnrin nìkan wá.

Bùsàrí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, àwa ò tiẹ̀ nírú ẹ̀. Àbúrò ni àbúrò ń jẹ́."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ilé bàbá bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ ni mo rántí. Mùsílímátù ló ń gbé ibẹ̀, tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló bí i. Èmi àti òun nìkan la kù nínú ẹbí. Mo kọ ìwé ìpín ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ní àwọn "agnate" ló ni ilé. Mo mú Bùsàrí dání kó ṣe ẹlẹ́rìí.

"Bọ̀dá mi, Gẹ̀ẹ́sì yín yìí ní eegun ju ẹja mi lọ o," ni Mùsílímátù wí, tó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Èmi ọmọ obìnrin ńkọ́? Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wa ni." Ẹ wo ẹnu mi! Bùsàrí wolẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Mùsílímátù náà tẹ̀ka.

Ní 2008, mo ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí, mo ní kó kó ẹrù rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Bọ̀dá, ṣé n kì í ṣe ẹbí mọ́ ni?" Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ Bùsàrí, mo rìnrìn àjò wá síbí. Látìgbà náà, n kò lè ta ilé ọ̀hún, n kò lè gbé inú rẹ̀, n kò sì lè padà sílé; àfi bí ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́lé. "Ẹ sọ òótọ́ fún un," ni Bùsàrí ń wí lórí fóònù lọ́dọọdún. Mo máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Àná ni mo tó ránṣẹ́ sí i: "Mùsílímátù, mo parọ́ fún ọ lọ́jọ́ tó o tẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ yọ ọ́ kúrò, mo sì mọ̀. Lọ́yà ti kọ ilé náà sí orúkọ rẹ. Bùsàrí ń mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, ṣáà wọlé."